Ọtí Pupa Ìdí Òkè Adó

Bí ènìyàn bá wí pé òun ń lọ sí Adó-Àwáyè, ohun tí ẹni tí ó bá gbọ́ yóò rò ni pé òkè ni ó fẹ́ lọ gùn. Wọn kò jẹ̀bi. Òkè náà ni ó jẹ́ kí a máa gbọ́ orúkọ ìlú yìí ní ọ̀nà jíjìn, àti adágún Ìyákẹ́ tí ó wà lókè rẹ̀, omi tí ó jókòó sórí àpáta bí ẹni pé wọ́n bu ú sínú àwo tí wọ́n sì gbé e sórí àjà. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin òǹkàwé mi, kì í ṣe òkè ni ó gbé mi dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọtí ni. Ẹ má tíì bínú sí mi. Ẹ jẹ́ kí n rò fún yín kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Ẹ ó ti rí ìgò wáìnì pupa tí ó ti ilẹ̀ Faransé wá, bóyá níbi ìgbéyàwó tàbí ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tí ń ta ọtí òyìnbó. Bí ẹ bá ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ìgò náà, ẹ ó rí i pé orúkọ ilé kan tàbí ìdílé kan ni ó sábà máa ń wà níbẹ̀. Baba gbin àjàrà, ọmọ tọ́jú rẹ̀, ọmọ-ọmọ ń fi í pọn ọtí. Ní 1855, nígbà tí Napoleon Kẹta ń jọba ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n to àwọn ọgbà àjàrà agbègbè Bordeaux sí ipò márùn-ún, àwọn ìdílé tí ó wà nínú ìtò náà sì ń fi í yangàn títí di òní. Mo ń ro ọ̀rọ̀ yìí nínú ara mi, mo sì ń bèèrè pé: ṣé àwa kò ní ilé tí ọtí pípọn ti ń ti ọwọ́ ìyá bọ́ sí ọwọ́ ọmọ ni? Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ tíṣà ní Ìsẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín nígbà tí mo bi í. Ó ní, "Ẹ wá sí Adó kí ẹ wá fi ojú ara yín rí i." Bí mo ṣe di èrò ọ̀nà nìyẹn.

Láti Ìbàdàn, mo wọ ọkọ̀ gba Ọ̀yọ́ dé Ìsẹ́yìn, ìlú àwọn ahunṣọ. Láti Ìsẹ́yìn sí Adó-Àwáyè kò ju nǹkan bí 20 kìlómítà lọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ igbó bí ti Oǹdó. Ọ̀dàn ni, koríko gíga, igi òrí àti igi irú lọ́kọ̀ọ̀kan, àti àpáta ràbàtà-ràbàtà tí ó yọ orí jáde nínú ilẹ̀ bí ẹ̀yìn erin.

Mo gun òkè ní ọjọ́ kejì, nítorí ẹni tí ó dé ìlú tí kò kí àgbà ìlú kò hùwà ọmọlúàbí, òkè yìí sì ni àgbà Adó. Àtẹ̀gùn tí wọ́n ṣe sí i lé ní 300. Orúnkún mi kà wọ́n ju ẹnu mi lọ. Mo rí Ìṣàgẹ̀, àpáta gìrìwò tí ó dúró lórí ìdí kékeré bí ẹni pé atẹ́gùn lè bì í ṣubú. Mo rí ibi tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀ Àwọn Àgbà, tí ara àpáta ní ihò bí ojú ẹsẹ̀ ènìyàn. Mo dúró ní etí Ìyákẹ́, mo sì rántí pé òkè yìí ni àwọn baba ńlá wọn sá sí ní ayé ogun, tí wọ́n kọ́ ilé sí, kí àlàáfíà tó jẹ́ kí wọ́n sọ̀kalẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti bojú wo ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn àwọn ilé, mo rí àpáta pẹlẹbẹ tí wọ́n sá nǹkan sí. Funfun ni púpọ̀ nínú rẹ̀, láfún ni. Ṣùgbọ́n ní igun kan, pupa ni ohun tí wọ́n sá, ó pupa bí ilẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi òjò. Ẹni tí ó mú mi gun òkè na ọwọ́ sí i, ó ní, "Ọkà híhù nìyẹn. Ilé apọntí tí ẹ ń wá nìyẹn."

N kò ní í dárúkọ ìyá tí ó ni ilé náà, nítorí ó ní òun kò fẹ́ kí orúkọ òun wọ inú ìwé ìròyìn nítorí ọtí. Ẹ ó gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Ìyá Àgbà ni gbogbo agbo ilé ń pè é, èmi náà yóò sì máa pè é bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, ó sì ní kí n dìde.

Ó ní, "Ọmọ mi, káàbọ̀. Tíṣà ti sọ fún mi. Ó yà mí lẹ́nu. Àwọn ọkùnrin kì í bèèrè bí a ti ń pọn ọn. Bí a ti ń mu ún nìkan ni wọ́n mọ̀."

Ọtí bàbà ni ọtí náà, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ọtí ọkà, tí àwọn ará Òkè Ọya sì ń pè ní bùrùkùtù. Láti ara ọkà bàbà pupa ni ó ti ń jáde. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní ìlú ńlá lè má mọ ọkà bàbà mọ́, nítorí àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ti gba ilẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Òkè-Ògùn, oúnjẹ àwọn baba wa ni. Ó lè fi ìlọ́po méjì ga ju ènìyàn lọ. Òjò ni a fi ń gbìn ín, ọyẹ́ ni a fi ń kórè rẹ̀, gbogbo àkókò tí ó bá sì yọ orí ni àwọn ọmọdé fi ń wà lóko láti máa lé ẹyẹ ẹ̀ga, nítorí ẹ̀ga kò mọ̀ pé oko ní olóko.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ti ń pọn ọtí yìí, nítorí iṣẹ́ ńlá ni, kì í ṣe eré. Àjàrà ti dùn láti orí igi. Bí ènìyàn bá fún un, omi dídùn ni yóò jáde, omi dídùn yìí ni yóò sì kan tí yóò di ọtí. Ọkà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rún ọkà bàbà lẹ́nu, ìyẹ̀fun ni, kò sí adùn níbẹ̀. Apọntí ní láti mú kí ọkà fúnra rẹ̀ pèsè adùn. Báwo ni? Yóò tan ọkà náà kí ó rò pé wọ́n ti gbìn ín.

Ìyá Àgbà rẹ ọkà sínú omi láti àárọ̀ ọjọ́ kan di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ro omi rẹ̀ nù nínú agbọ̀n, ó tẹ́ ẹ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú yàrá tí ó ṣókùnkùn, ó sì fi ewé mìíràn bò ó. Láàárọ̀ àti lálẹ́, a ń wọ́n omi sí i. Ní ọjọ́ kẹta, ọkà ti ta gbòǹgbò wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ara kọ́ ara bí ẹní. Bí ọyẹ́ bá mú, ó lè di ọjọ́ kẹrin. Nígbà tí irúgbìn bá ń hù báyìí ni ó ń sọ oúnjẹ líle inú rẹ̀ di ṣúgà, kí ọ̀mùnú rẹ̀ lè rí nǹkan jẹ. Apọntí kò ní jẹ́ kí ọ̀mùnú náà jẹ ẹ́ tán. Kí ewé tútù tó yọ, yóò kó o jáde lọ sí orí àpáta gbígbóná, oòrùn yóò sì dá iṣẹ́ náà dúró. Àpáta yìí ni ọrọ̀ Adó. Ibi tí kò sí àpáta, orí ilẹ̀ tàbí orí ẹní ni wọ́n ń sá a sí. Ṣùgbọ́n òkúta Adó ń gbóná lábẹ́, oòrùn ń mú lókè, ọkà á sì gbẹ láìhu.

Nígbà tí ó gbẹ, ọmọ-ọmọ Ìyá Àgbà jókòó, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á kí gbòǹgbò àti ọ̀mùnú lè jábọ́, ó sì ń fẹ́ wọn dànù. Mo rò pé nítorí ìmọ́tótó ni. Ìyá Àgbà mi orí. Ó ní, "Májèlé wà nínú irun yẹn. Bi àwọn Fúlàní léèrè bóyá wọ́n ń jẹ́ kí màlúù wọn jẹ ọkà kékeré." Òtítọ́ ni ó sọ. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti rí i pé ọ̀mùnú ọkà bàbà ní ohun kan tí ó máa ń di májèlé sáyánáìdì, òun náà ni ó sì ń pa màlúù tí ó bá jẹ ewé rẹ̀ nígbà tí ó wà ní kékeré. Rírà, sísá àti sísè ni ó ń mú un kúrò. Ìyá yìí kò ka ìwé kan rí, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ó yẹ kí ó jábọ́ àti ohun tí ó yẹ kí ó kù.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n lọ̀ ọ́, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń lọ̀ ọ́ nísinsìnyí, wọ́n sì pò ó mọ́ omi nínú ìkòkò ńlá. Èyí tí ó tòrò lókè, wọ́n bù ú sọ́tọ̀. Èyí tí ó ki nísàlẹ̀, wọ́n sè é, wọ́n sì da méjèèjì pọ̀. Ó sùn mọ́jú, ó kan díẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n gbé e kaná, iná náà kò sì kú títí oòrùn fi yẹ̀ àtàrí. Bí ó ti ń hó ni ó ń fún, bí ó ti ń fún ni ó ń pupa sí i, títí ó fi dà bí omi osùn. Nínú èèpo ọkà ni pupa yìí wà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti wáìnì: omi inú ọ̀pọ̀ àjàrà dúdú kò pupa rárá, èèpo tí wọ́n bá fi sílẹ̀ nínú rẹ̀ ni ó ń pa á láró.

Wàyí o, ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Nígbà tí ọtí náà tutù tó bí ọwọ́ ti lè gbà á, Ìyá Àgbà na ọwọ́ sí òkè ààrò, ó sì já ahá kékeré kan tí èéfín ti sọ di dúdú. Nínú ahá yìí ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí tí wọ́n pọn kẹ́yìn wà, tí ó ti gbẹ. Òun ni ìwúkàrà. Ó rún díẹ̀ nínú rẹ̀ sí ìkòkò, ó sì bò ó. Ní òru, mo gbọ́ tí ìkòkò ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ tí ń lá àlá. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, ìfófòó ti bo orí rẹ̀. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ó di mímu. Kí wọ́n tó bu ẹyọ ahá kan fún ẹnikẹ́ni, Ìyá Àgbà ti bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tuntun sínú ahá dúdú náà, ó sì ti fi í kọ́ padà.

Ó ní ìyá òun ni ó gbé ìwúkàrà yìí wá láti ọ̀nà Ṣakí nígbà tí wọ́n gbé e níyàwó wá sí Adó, àti pé ìyá ti ìyá òun ni ó fún ìyá òun. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò lè gbàgbé. Ó ní, "Ọtí yìí, ọjọ́ méjì ni ó ní láyé, bí ó bá di ọ̀tunla, ó ti di ọtí kíkan. Ṣùgbọ́n ìwúkàrà rẹ̀ jù mí lọ lọ́jọ́ orí."

Ẹ wò ó, ẹ̀yin ènìyàn mi. Òyìnbó lè fi wáìnì rẹ̀ sínú ìgò ní 20 ọdún, kí ó sì tún dùn sí i. Ìyẹn ni ó fi ń rìn káyé tí orúkọ ìdílé fi ń bá a rìn. Tiwa kò lè rìn kọjá ọjà tí ó tẹ̀lé e. Inú ahá kan lókè ààrò, àti ọwọ́ tí ó mọ bí a ti ń lò ó, ni ti wa wà. Bí ìgò wáìnì kan bá fọ́, òmíràn wà. Bí ahá yìí bá bọ́ sínú iná ńkọ́?

Ó ti bọ́ sínú iná rí. Ìyá Àgbà ni ó sọ ọ́. Ilé ìdáná jóná ní ọdún kan, ahá sì bá a lọ. Ó ní òun sunkún bí ẹni tí òkú kú fún. Àfi bí ó ti rántí pé òun ti bu nínú rẹ̀ fún obìnrin kan ní àdúgbò kejì tí ó bẹ òun ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ó lọ síbẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì bu tirẹ̀ padà fún un. Ohun kan náà ni ojú àwọn Faransé rí. Ní nǹkan bí 1863, kòkòrò kékeré kan tí ó ti Amẹ́ríkà wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ gbòǹgbò àjàrà wọn, kò sì pẹ́ tí ó fi ba púpọ̀ nínú ọgbà wọn jẹ́. Gbòǹgbò àjàrà Amẹ́ríkà, tí kòkòrò náà kò lè ṣẹ́gun, ni wọ́n lọ gbé wá, tí wọ́n lọ́ igi tiwọn mọ́, kí iṣẹ́ baba wọn má bàa parun. Ohun tí ènìyàn há mọ́wọ́ nìkan ni ó ń parẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀, ó gbé ahá wá. Ìyá Àgbà kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kí ó tó gbé e fún mi, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ó kan lẹ́nu bí omi ògì, adùn díẹ̀ wá tẹ̀lé e, òórùn èéfín sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò le. Nínú ìwọ̀n 100, agbára ọtí inú irú rẹ̀ kì í sábà ju 5 tàbí 6 lọ, nígbà tí ti wáìnì pupa máa ń tó 12 sí 14. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mu ahá mẹ́fà yóò mọ̀ pé òun mu nǹkan.

Ibi tí a wà nìyẹn tí àkọ́bí Ìyá Àgbà wọlé láti Ìsẹ́yìn. Alàájì ni, aṣọ ni ó ń tà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kí ìyá rẹ̀, ó sì lọ jókòó sí ìdí ògiri, jìnnà sí ìkòkò. Mo fẹ́ gbé ahá mi pamọ́, ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, n kò kọ ìyá mi. Ọtí yìí ni ó san owó ilé-ìwé mi, ó san ti àwọn àbúrò mi mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn mi kọ̀ ọ́, àbúrò mi tí ó jẹ́ pásítọ̀ náà ní ìjọ òun kọ̀ ọ́. Bí ìyá wa bá ti sinmi, ta ni yóò pọn ọn?"

Ìyá Àgbà dáhùn pé, "N kò ní kí o mu ún rí. Ọmọ rẹ yìí ni mo ní kí o jẹ́ kí ó kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi."

Ọmọbìnrin tí ó ń ra ọkà ni wọ́n ń wí, ọmọ Alàájì ni. Ojú ilẹ̀ ni ó ń wò. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Bàbá, kì í ṣe ọtí nìkan ni ọkà híhù ń ṣe. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ní bí a bá po ìyẹ̀fun rẹ̀ díẹ̀ mọ́ ògì gbígbóná, ògì náà á ṣàn láìbu omi lé e, ọmọ kékeré á sì rí oúnjẹ púpọ̀ mu. Ẹ jẹ́ kí n máa ṣe ìyẹn tà." Alàájì kò sọ nǹkan. Lẹ́yìn náà ó ní kò sí ohun tí ẹ̀sìn òun wí sí ògì.

Ẹ lè ní ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí. Ọkà híhù ti rí ẹni jogún rẹ̀, ṣùgbọ́n ahá òkè ààrò kò tíì rí i. Ọmọbìnrin náà kò lè gbé e, Ìyá Àgbà kò sì fi ipá mú un. Ohun tí ó ṣe ni pé kí n tó kúrò ní Adó, ó pín ìwúkàrà náà sí ọ̀nà mẹ́ta: ó fi ọ̀kan kọ́ padà, ó sì fi méjì fún àwọn obìnrin méjì tí kò bá a tan. Alàájì ni ó gbé ọ̀kan dé ilé ẹni tí ó ni ín, ó fi aṣọ wé e kí ó má bàa kàn án lára. Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ìyá rẹ̀ ni.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun ìlú kan ni mo ń sọ. Ní àríwá ilẹ̀ Benin, ní Parakou àti Natitingou, títí dé àríwá Togo, irú ọtí yìí kan náà ni àwọn obìnrin ń tà lọ́jà, ṣúkútú ni wọ́n ń pè é. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Abomey-Calavi ti ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ àti lórí ìwúkàrà rẹ̀. Ní ilẹ̀ tiwa, ìgò ọtí bíà àkọ́kọ́ tí wọ́n pọn ní Nàìjíríà jáde ní Èkó ní 1949, ọkà báálì láti òkè òkun ni wọ́n sì ń lò. Ṣùgbọ́n ní 1988, ìjọba fi òfin de kíkó báálì híhù wọlé. Kí ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá yẹn sá sí? Ọkà bàbà ni, ọkà tí ìyá àwọn ìyá wa ti ń mú hù láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ bá ní kí ó má mu ọtí, kí ó má mu ún. Ẹni tí ó bá ń mu ún, kí ó mọ ìwọ̀n, kí ó sì mọ ọwọ́ tí ó pọn ọn. Ní 2015, ní agbègbè Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ògógóró tí májèlé wọ inú rẹ̀ gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyá yín gbé ìmọ̀ rẹ̀ lọ sí ọ̀run nítorí pé ẹ kò fẹ́ ohun tí ó fi ìmọ̀ náà ṣe. Ẹ bi wọ́n bí a ti ń mú ọkà hù. Ẹ bi wọ́n ohun tí ó yẹ kí ó jábọ́ àti ohun tí ó yẹ kí ó kù. Bí ẹ kò bá sì lè gbé ahá náà, ẹ bá wọn gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó lè gbé e.